Bí A Ṣe Ń Wọ Elizabeth Line Láti Abbey Wood

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Abbey Wood, Thamesmead àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé láti wá bá ọmọ yín tọ́jú ọmọ tuntun. Nígbà kan, ẹni tó bá ń ti Abbey Wood lọ sí Paddington gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà kó tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Láti 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 tí wọ́n ti ṣí Elizabeth line, ìjókòó kan ló gbà, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 30. Orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọ̀ elésè àlùkò ni ẹ ó fi dá a mọ̀ lórí máàpù.

Ọkọ̀ ojú irin ẹ̀yìn ìlú ni, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà sì ni. Láti Reading àti Heathrow, orí ilẹ̀ ló máa ń gbà jù títí yóò fi dé Paddington, ibẹ̀ ló ti ń rì wọ abẹ́ ìlú. Ní Bond Street, Tottenham Court Road àti Liverpool Street, ẹ lè bọ́ sínú Tube láì jáde síta. Tó bá kúrò ní Whitechapel, ọ̀nà pín sí méjì: ọ̀kan gba Stratford lọ sí Shenfield, èkejì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Torí náà, ẹ ka orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá ṣàdédé rí i pé ẹ ti dé Stratford, ẹ má bẹ̀rù, ẹ padà sí Whitechapel.

Ọ̀rọ̀ káàdì ló ń ná àwọn èèyàn wa lówó jù. Ẹ fi káàdì báǹkì tàbí Oyster, ìyẹn káàdì ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, owó tó ga jù ni wọn yóò yọ. Káàdì kan kò lè gbé èèyàn méjì: ọmọ kò lè fi tirẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fi fóònù wọlé, fóònù náà ni kó fi jáde; bí àpò owó kan náà tilẹ̀ ni, ẹ̀rọ kò ka fóònù àti káàdì sí ọ̀kan. Oyster kò sì ṣiṣẹ́ dé Slough tàbí Reading. Káàdì báǹkì tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ni ti ibẹ̀.

Freedom Pass tún ńkọ́? Káàdì ìrìnnà ọ̀fẹ́ ti àgbàlagbà tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni. Ìyá tó wá kí wa kò ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá a ní tìyín. A mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù.

Ọkọ̀ yìí gùn ju 200 mítà lọ. Ní Liverpool Street, bí ẹ bá gba orí kejì pèpéle jáde, Moorgate lẹ ó ti bá ara yín. Ní Farringdon, Barbican ni. Ẹ ka àmì ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nítorí ìrìn náà kì í ṣe kékeré fún orúnkún tó ń dunni. Gbogbo ibùdókọ̀ ló ní ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn, tí kẹ̀kẹ́ ọmọ àti kẹ̀kẹ́ aláìlera lè gbà dé pèpéle. Ẹ pe òṣìṣẹ́ bí ẹ bá nílò ìrànlọ́wọ́.

Kò sí ilé ìtọ̀ nínú ọkọ̀ o. Ẹ ti ilé ṣe tán.

Bí ẹ bá ń lọ sí Heathrow, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú yín kí ẹ mọ̀ bóyá Terminal 4 ni tàbí 5, nítorí ọkọ̀ ojú irin wọn yàtọ̀. Méjèèjì ló ń dúró ní Terminal 2 àti 3. Ẹni tó bá ṣi ọkọ̀ wọ̀, ibẹ̀ ni kó sọ̀kalẹ̀ kó dúró de èkejì. Láàárín Terminal sí Terminal, ọ̀fẹ́ ni.