Àbùjá Kò Sí Lọ́rùn Ọ̀pẹ: Ìṣirò Gbòǹgbò Nọ́ńbà

Àwọn àgbà ní àbùjá kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ náà bá ìṣirò gbòǹgbò nọ́ńbà mu, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní sukúẹ̀ rúùtù. Ó wà lára ohun tí WAEC, àjọ ìdánwò tí a dá sílẹ̀ ní 1952, ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n kò mọ sínú ìwé nìkan. Ní Ìlúpéjú, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ lẹ́bàá Múṣín àti Òṣòdì, ẹni tí ń gé irin ń bá a pàdé, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ni gbòǹgbò? Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́sàn-án. Nítorí náà, 3 ni gbòǹgbò 9. Àmì rẹ̀ ni √, èyí tí Christoff Rudolff ará Jámánì lò nínú ìwé rẹ̀ ní 1525.

Kí á wí pé ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kan fẹ́ ṣe irin ojú fèrèsé méjì. Ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú àti ní òòró. Èkejì jẹ́ 3. Irin kan yóò dábùú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun. Òfin tí a fi orúkọ Pythagoras pè fi hàn pé irin àkọ́kọ́ yóò gùn tó √(4 + 4), ìyẹn √8. Èkejì yóò gùn tó √(9 + 9), ìyẹn √18. Irin mélòó ni yóò rà lápapọ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọn a sáré ro 8 pọ̀ mọ́ 18, wọn a ní √26 ni, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5.1. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rin ìṣísẹ̀ 3 sí ìlà oòrùn, tí ó sì rin 4 sí àríwá, ti rin √9 + √16, ìyẹn 7. Ẹni tí ó gba àárín pápá kọjá rin √(9 + 16), ìyẹn 5. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí ni ó fà á? Bí a bá fi √m + √n sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò di m + n + 2√(mn). Apá ìkẹyìn yìí ni aláàbùjá ń gbàgbé. Ìsọdipúpọ̀ kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀: √(mn) jẹ́ √m × √n, bí m àti n kò bá kéré ju òdo lọ.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Kí á wá nọ́ńbà tí gbòǹgbò rẹ̀ pé, kí á yọ ọ́ jáde:
√8 = √(4 × 2) = 2√2
√18 = √(9 × 2) = 3√2

Iṣu 2 àti iṣu 3 jẹ́ iṣu 5. Bẹ́ẹ̀ ni 2√2 àti 3√2 jẹ́ 5√2. √2 jẹ́ nǹkan bí 1.41421. Àwọn ará Bábílónì ti mọ̀ ọ́n sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1800 sí 1600 ṣáájú ìbí Krístì. Wàláà amọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Irin náà yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7.07. Ẹni tí ó ra 5.1 ti fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 dín, owó rẹ̀ sì ti wọ ọjà.

Lẹ́tà áljẹ́bírà kò yí òfin náà padà. Bí a kò bá kéré ju òdo lọ, tí í ṣe ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, √(2a²) + √(8a²) yóò di a√2 + 2a√2, ìyẹn 3a√2. Ṣùgbọ́n √2 + √3 kò ṣeé sọ di ẹyọ kan, bí iṣu 2 àti àgbàdo 3 kò ti lè di iṣu 5.

Àbùjá wà nínú pápá. Kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wá gbòǹgbò ni irin rẹ̀ yóò kan igun.