Ọ̀run Ń Ya Bọ̀: Ìparun Ẹ̀dá Ènìyàn Nínú Èrò Onímọ̀ àti Nínú Ìrírí Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan." Ìparun gbogbo ayé ni òwe yìí ń sọ ní tààrà. Bí ènìyàn bá fetí sí bí wọ́n ṣe ń pa á, yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lò ó. Àwọn kan ń fi tu ara wọn nínú: bí ewu bá ti jẹ́ ti gbogbo ayé, kí ni ẹnì kan fẹ́ ṣe sí i? Àwọn mìíràn ń fi pe ara wọn jọ: ẹrù tí ó tóbi tó ọ̀run, ẹnì kan kò lè dá a gbé, nítorí náà kí gbogbo ọwọ́ para pọ̀ gbé e. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtumọ̀ kejì ni ìtàn gbè lẹ́yìn, àti pé ẹ̀mí àwọn ènìyàn wà nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì.

Àwọn tí ó ń dá ọjọ́ fún òpin ayé

Ìgbàgbọ́ pé ayé yóò dópin kò ṣàjèjì sí ará Ìlọrin. Ní ilé-kéwú àti níbi wáàsí, ẹ̀kọ́ pàtàkì ni Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọjọ́ Ìdájọ́ kò kéré sí i. Ẹ̀sìn méjèèjì sì pàdé níbì kan: Àlùkùránì (7:187) àti Ìhìn Rere Mátíù (24:36) jọ fi yé onígbàgbọ́ pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ wákàtí náà. Ẹni tí ó bá dá ọjọ́ ti kọjá àyè rẹ̀ nínú ẹ̀sìn tirẹ̀ pàápàá.

Síbẹ̀, àwọn adájọ́sọ́nà kò yé wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọlẹ́yìn William Miller retí òpin ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1844. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bí ó ti máa ń mọ́. Ní Kanungu ní orílẹ̀-èdè Uganda, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan kéde pé ayé yóò parí pẹ̀lú ọdún 1999. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ìjọ ni ó jóná mọ́ inú ilé ìsìn wọn ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2000. Nítòsí ilé, ní oṣù Keje ọdún 2022, ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde láti abẹ́ ilẹ̀ ilé ìjọsìn kan ní ìlú Oǹdó. 26 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, 8 sì jẹ́ ọ̀dọ́. Àlàyé tí ọlọ́pàá ṣe ni pé wọ́n ti sọ fún wọn pé ìgbàsókè yóò wáyé ní oṣù Kẹrin, kí wọ́n tó sún un sí oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹsàn-án dé, ó sì kọjá. Ìpalára irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò mọ sí pé kò ṣẹ. Ó ń kọ́ olùgbọ́ láti káwọ́ gbera, kí ó sì fi ẹbí àti iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ kan.

Ìparun lójú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń sọ̀rọ̀ ìparun, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn. Ó dá wọn lójú pé ìran ẹ̀dá lè parẹ́. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àpáta ńlá kan já bọ́ láti òfuurufú sí agbègbè tí ó ń jẹ́ Mẹ́síkò lónìí, àwọn ẹranko ràbàtà tí wọ́n ń pè ní dáínósọ̀ sì run, àyàfi ẹ̀ka tí àwọn ẹyẹ ti ṣẹ̀ wá. Yàtọ̀ sí ti àdáyébá, ewu mìíràn wà tí ó ti ọwọ́ ènìyàn wá: bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní ọdún 1945, ìgbóná ayé tí ó ń pọ̀ sí i, àrùn tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá, àti kọ̀ǹpútà tí ọgbọ́n rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é.

Nínú ìwé rẹ̀, The Precipice, tí ó jáde ní ọdún 2020, Toby Ord fojú bù ú pé ìdá kan nínú mẹ́fà ni ó ṣeé ṣe kí àjálù tí kò ní àtúnṣe bá ẹ̀dá ènìyàn láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Ìpín ti àdáyébá nínú rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú 10,000 lọ. Ìfojúbù ni, òun fúnra rẹ̀ kò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ohun tí ó ṣe pàtàkì ju òǹkà lọ: ọwọ́ ènìyàn ni ewu náà pọ̀ sí jù. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn dá sílẹ̀, ènìyàn lè gbìyànjú láti káwọ́ rẹ̀. Kódà, àpáta ojú òfuurufú kò kọjá ìgbìyànjú mọ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, àjọ NASA mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú kan kọlu àpáta kékeré tí ń jẹ́ Dimorphos, àkókò tí ó fi ń yí po sì dín kù ní ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ohun tí ojú ilẹ̀ yìí ti rí

Ìran Yorùbá ti rí àsìkò tí ó dà bí ẹni pé ọ̀run ń ya bọ̀ ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, tí ń jẹ́ Gánà lónìí, pẹ̀lú àwọn tí àrùn lúkúlúkú ti mú. Ojú irin tí ó gba Ìlọrin kọjá lọ sí Òkè Ọya wà lára ọ̀nà tí àrùn náà bá wọ àárín ilẹ̀. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé ó pa ohun tí ó tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà láàrin oṣù díẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ àdúrà tí ó wà lára orísun ìjọ Aládùúrà bẹ̀rẹ̀ ní àkókò náà. Ìlú ń wá ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ètò tí ó lè tètè rí àrùn kí ó tó tàn.

Ti ìgbóná, tí àwọn àgbà ń pe alágbára rẹ̀ ní Olóde kí wọ́n má baà dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná, yàtọ̀. Ní ìparí ọdún 1966, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tó fún gbogbo ènìyàn ní agbègbè Ògójà. Dókítà William Foege àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wádìí abúlé tí àrùn náà wà, wọ́n sì gún àwọn tí ó yí aláìsàn ká ní abẹ́rẹ́. Àrùn náà dúró. Ọgbọ́n yìí wà lára ohun tí wọ́n fi lé e kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1970, tí àjọ ìlera àgbáyé sì fi kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán láyé.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wúlò ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi agbára bèèrè rẹ̀. Àrùn náà sì pa dókítà náà ní oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ àwọn tí ó súnmọ́ aláìsàn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n nílé. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ìtumọ̀ òwe náà

Ẹnì kan lè sọ pé kò sí èyí tí ó fẹ́ pa gbogbo ènìyàn tán nínú àwọn àrùn wọ̀nyí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àrùn tí yóò pa gbogbo ayé, bí ó bá wà, ara ẹnì kan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá sì sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹni tí ó tètè ké ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó gba ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n là.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ orílẹ̀-èdè díẹ̀ ni ó wà. Síbẹ̀, Áfíríkà kò káwọ́ gbera: àdéhùn Pelindaba, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Káírò ní ọdún 1996, tí ó sì di òfin ní ọdún 2009, sọ gbogbo ilẹ̀ náà di ibi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì kò gbọdọ̀ sí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan" di ohun tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí kan olùkọ́ gan-an, nítorí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ayé fẹ́ parí. Kí olùkọ́ má fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kí ó má sì dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Kí ó kọ́ ọ láti bi ìkéde bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ó dá ọjọ́? Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Kí ni ó ní kí olùgbọ́ ṣe? Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù. Ìkéde tí ó ní kí ènìyàn fi ẹ̀kọ́ àti ẹbí sílẹ̀, kí ó wá jókòó ní abẹ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ sá fún un. Èyí tí ó ní kí ènìyàn tètè sọ ohun tí ó rí, kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó sì ṣọ́ aládùúgbò rẹ̀, ni kí ó gbọ́. Bí ọ̀run bá ń ya bọ̀ lóòótọ́, ọwọ́ tí yóò gbé e dúró gbọ́dọ̀ ju ti ẹnì kan lọ, ilé ẹ̀kọ́ sì ni wọ́n ti ń kọ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́.