Òkú Ta Ni Ó Ń Gbé Inú Ilé? Láti The Shining dé Màrókò

Bí àwọn onímọ̀ bá ń jíròrò lórí ẹni tí fíìmù ṣojú fún, àwọ̀ òṣèré ni wọ́n sábà máa ń kà. Fíìmù ilé tí òkú ń dà láàmú fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n ka àwọn òkú pẹ̀lú.

Nínú The Shining (1980), tí Stanley Kubrick darí, Hallorann alásè ni aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tí ó kó ipa gbòógì. Ó yè nínú ìwé Stephen King (1977). Nínú fíìmù, kò pẹ́ tí ó dé láti gba ọmọdé kan là tí wọ́n fi pa á. Lórí ibi ìsìnkú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì inú ìtàn náà sí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn lára àwọn òkú tí ó ń yọ síni níbẹ̀.

Irú ìtàn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Èkó. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Màrókò, ní ẹnu ọ̀nà Lẹ́kkí. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó di aláìnílé. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ìlasàn àti Ìkọta; ilé olówó ńlá ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Irú ilé bẹ́ẹ̀, láti Lẹ́kkí dé Ajah, ni fíìmù Nollywood sábà máa ń lò láti fi ọlá hàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n béèrè ẹni tí ó ti gbé orí ilẹ̀ náà rí.

Nínú àṣà Yorùbá àtijọ́, wọn a máa sin bàbá sínú ilé. Alábòójútó ni òkú inú ilé, kì í ṣe abàmì. Nítorí náà, ilé tí kò mọ òkú onílẹ̀ ni ó yẹ kí ó bani lẹ́rù. Bí wọ́n bá ṣe irú fíìmù yìí ní Lẹ́kkí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ará Màrókò wà lára àwọn òkú rẹ̀, àti bóyá wọ́n ní orúkọ.