Ìrù kékeré, ìyàtọ̀ ńlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ indomethacin, oògùn oríkèé wíwú tó ti wà láti àwọn ọdún 1960. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ó lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn. Kí ló fà á?

Ẹ́ńsáìmù méjì ló ń dá dúró. COX-2 ló ń dá kún wíwú àti ìrora. COX-1 ní tiẹ̀ ń dáàbò bo ikùn wa. Indomethacin ò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́.

Nínú kẹ́mísírì tí mò ń kà, ohun tó wú mi lórí jù nìyí: mólékù náà ní ìrù ásíìdì kan. Lọ́dún 2000, Lawrence Marnett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt, Amẹ́ríkà, fi hàn pé tí a bá sọ ìrù yẹn di ester, COX-2 ló máa ń dá dúró jù, á sì fi COX-1 sílẹ̀. Indole tó jẹ́ egungun rẹ̀ ò yí padà rárá.

Inú ìgò àyẹ̀wò nìyẹn o! Ara wa lè gé ester. Acemetacin, ester mìíràn, máa ń padà di indomethacin nínú ara. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ sọ fún apòògùn kẹ́ ẹ tó ra oògùn ara ríro.