Eré àsápajúdé: Ìdí tí bíréèkì tó dára kì í fi í gba awakọ̀ sílẹ̀

Bí a bá ní kí àwọn awakọ̀ dín eré kù lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èsì tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún ènìyàn ni pé bíréèkì àwọn dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá bíréèkì. Ìṣirò kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé girama máa ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, tí púpọ̀ wọn ń gbàgbé ní kété tí wọ́n bá ti jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìṣirò náà ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ yóò ti dúró.

Gbogbo ohun tó bá ń rìn ló ní agbára nínú. Láti mọ bí agbára náà ṣe pọ̀ tó, a ó mú ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀, a ó sì fi eré tó ń sá sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì yẹn ni ewu wà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára yóò dà. Kí ọkọ̀ tó lè dúró, nǹkan gbọ́dọ̀ gba gbogbo agbára yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tí táyà kò yí mọ́, bí táyà ṣe ń fi ara ha ọ̀dà ni yóò ṣe iṣẹ́ náà; friction ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lórí títì gbígbẹ, ipá rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀, kì í sì í pọ̀ sí i nítorí pé ọkọ̀ ń sáré. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ sí i ni kí ibi tí táyà ń wọ́ gùn sí i.

Ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan yóò wọ́ tó mítà 14 kó tó dúró. Èyí tó ń sá 100 yóò wọ́ tó mítà 56. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì rárá, bó bá lo ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ẹni tó ń sá 100 ti fi mítà 28 ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ méjì tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ń sá 100, ìyẹn òpin eré tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀ aládàáni lójú ọ̀nà márosẹ̀. Èkejì ń sá 120. Tírélà kan dákú síwájú, àwọn méjèèjì sì tẹ bíréèkì lójú kan náà. Ẹni tó ń sá 100 dúró, ó kù díẹ̀ kó fara kan tírélà. Èkejì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò ní eré 20 ló kù fún un. Rárá o! Ìlọ́po 120 lọ́nà 120 jẹ́ 14,400; ti 100 jẹ́ 10,000. Ohun tó kù ni 4,400, ìyẹn ìlọ́po 66 lọ́nà 66, tàbí kó lé díẹ̀. Eré 66 ni yóò fi kọlu tírélà náà.

Àwọn kan gbà pé ọkọ̀ tó wúwo máa ń di ilẹ̀ mú ju èyí tó fúyẹ́ lọ. Òótọ́ ni pé friction rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí ìwúwo ṣe fi kún friction náà ló ṣe fi kún agbára, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́ nínú ìṣirò.

Òjò tún burú jù. Bí títì bá tutù, tí ìdá méje yẹn di mẹ́rin, mítà 56 yóò di 98, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó pápá bọ́ọ̀lù. Táyà tó ti jẹ tán kò tilẹ̀ ní í rí ìdá mẹ́rin náà.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ máa ń ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí kan náà. Wọn yóò wọn àmì dúdú tí táyà fi sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Bí àmì náà bá gùn tó mítà 36 lórí títì gbígbẹ, eré awakọ̀ náà kò dín sí 80, kódà bó búra pé 50 lòun ń sá.