Ṣé O Mọ̀? Ta Ló Kàn Lójú Ilé Super Eagles?

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ Pápá Àjàó ní Mushin ń gbá láàárín títì kì í ní aṣọ́lé rárá? Mọ́ńkì pósítì ni. Òkúta méjì tàbí táyà méjì tó ti kú ni wọ́n fi ń ṣe ilé, àyè àárín wọn kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ti jẹ̀bi. Ọmọ tó bá dàgbà sórí irú bọ́ọ̀lù yẹn yóò mọ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn po, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ta ni yóò wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò?

Ṣé o mọ̀ pé ojú ilé gidi fẹ̀ tó mítà 7.32, ó sì ga tó mítà 2.44? Wá títì kan fún mi ní Mushin tó lè gba ìyẹn, kí dáńfó sì tún ráyè kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé láti 2018 ni Super Eagles ti di òǹwòran Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bíi tèmi tìrẹ? Ti 2022 bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ti 2026 náà bọ́. Ojú ilé ni méjèèjì sì ti bọ́.

Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ 29 oṣù March 2022 ni, ní Àbújá. A ti gbá 0-0 pẹ̀lú Ghana ní Kumasi lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú. Eré kò tíì lọ títí tí Thomas Partey fi gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù náà kò le. Abẹ́ aṣọ́lé wa, Francis Uzoho, ló yọ́ gbà wọlé. William Troost-Ekong fi pẹnáritì dá a padà, 1-1 ló parí sí, òfin góòlù ìta sì gbé Ghana lọ sí Qatar.

Ti èkejì ló dùn mí jù. Ọjọ́ 16 oṣù November 2025, ní Rabat, àwa àti Kóńgò ti Kinshasa. 1-1. Bí àfikún àsìkò ṣe ń lọ sópin, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Sébastien Desabre, yọ aṣọ́lé rẹ̀ Lionel Mpasi kúrò, ó fi Timothy Fayulu sí i nítorí pẹnáritì nìkan. Fayulu mú méjì. Kóńgò borí, 4-3. Ohun tí Éric Chelle tiwa sọ lẹ́yìn eré, pé ẹnì kan lára àwọn ará Kóńgò ń fi oògùn ṣe wá, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ nípa oògùn. Èyí tí mo fojú rí ni pé ọkùnrin kan ti ronú nípa aṣọ́lé rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ṣé o sì mọ̀ pé àwa gan-an la ti dá irú ọgbọ́n yẹn rí? Àṣekágbá ìdíje àwọn akọni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní 2004, Enyimba àti Étoile du Sahel ti Tunisia. Nígbà tó ku pẹnáritì, wọ́n yọ Vincent Enyeama, wọ́n fi Dele Aiyenugba wọlé. Enyeama o! Enyimba sì gba ife náà lẹ́ẹ̀kejì léra.

Ṣé o mọ̀ pé kò jìnnà sí Pápá Àjàó, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, ni a ti pàdánù Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1978? November 1977 ni. Tunisia kò tilẹ̀ ní láti gbá góòlù: Godwin Odiye tiwa ló forí kan bọ́ọ̀lù wọnú àwọ̀n Emmanuel Okala.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, orí koríko kan náà, Best Ogedegbe ti Shooting Stars ti wà lójú ilé. Eré márùn-ún ni Nàìjíríà gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 1980. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé sí wa, Tanzania ló sì gbá a, nínú eré àkọ́kọ́. Orúkọ Ṣẹ́gun Odegbami tó gbá méjì sáwọ̀n Algeria nínú àṣekágbá ni gbogbo èèyàn ń pè títí dòní. Ta ló ń pe Ogedegbe?

Ṣé o mọ̀ pé ọba ni bàbá Peter Rufai? Ọba Ìdímù ni. Nígbà tí bàbá náà wàjà ní 1998, wọ́n fi oyè lọ ọmọ, ọmọ ní òun kò ṣe. Ojú ilé ni ààfin tirẹ̀. Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Israel Adebajo dá sílẹ̀ ní Èkó, ni Rufai wà kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí Stores dé àṣekágbá ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè ní 1981, tí Union Douala ti Cameroon fi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ré kọjá ẹnubodè lọ sí Dragons de l'Ouémé ní Pọ́tò-Nóvò, kó tó wá di ará Belgium, Netherlands, Portugal àti Spain. Ó pàdánù àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984. Ó tún pàdánù rẹ̀ ní 1988. Wọn kò lé e dànù. Ní 1994, òun náà ló gbé ife dé láti Tunis, kó tó wá lọ ṣọ́lé fún wa nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí a kọ́kọ́ lọ láyé.

Rufai yìí kan náà gbá pẹnáritì sáwọ̀n Ethiopia ní 1993, nígbà tí a lù wọ́n 6-0. Dodo Mayana, bí wọ́n ṣe ń pè é! Ó fi ayé sílẹ̀ ní July 2025, ẹni ọdún 61.

Stationery Stores ńkọ́? Wọ́n gba líìgì ní 1992. Ká tó ṣẹ́jú, ìjà lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú ìyà tí àwọn aláṣẹ líìgì fi jẹ wọ́n ti tú wọn ká. Peter Fregene, tó ṣọ́lé fún Nàìjíríà níbi Olympics 1968 ní Mexico, nígbà tí a gbá 3-3 pẹ̀lú Brazil, ọmọ Stores ni. Ẹgbẹ́ tó ní pápá, tó ní ojú ilé mítà 7.32, tó ní àgbà aṣọ́lé tí ọmọdé lè máa wò, irú rẹ̀ ló ń bí aṣọ́lé. Títì kì í bí i.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnubodè kan wà ní pápá ìṣeré Rayo Vallecano ní Madrid tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó? Wilfred Agbonavbare. Aṣọ́lé ni. Ó kú ní 2015.

Ṣé o mọ̀ pé 12 June kan náà ni àwọn aṣọ́lé wa méjì tó dára jù ní ọ̀rúndún yìí fi ara wọn han ayé? Ọjọ́ MKO Abíọ́lá, ẹni tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes nígbà náà lọ́hùn-ún. Ní 12 June 2002, ní Osaka, Enyeama ọmọ ọdún 19 dúró níwájú England, 0-0. Ní 12 June 2019, ní Grenoble, Chiamaka Nnadozie ọmọ ọdún 18 dúró níwájú South Korea, a borí 2-0. Kò sí aṣọ́lé obìnrin tó kéré tó o lọ́jọ́ orí tó ti gbá eré Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé já láìjẹ góòlù ṣáájú rẹ̀.

Dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ Enyeama. A ti pàdánù sọ́wọ́ Argentina àti Sweden kí a tó bá England pàdé, eré náà kò lè ṣe wá ní nǹkan kan mọ́. Àgbà tó wà níwájú rẹ̀, Ike Shorunmu, ti gbá méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà padà sílé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Enyimba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Uzoho náà pé 19 nígbà tirẹ̀, ní Russia 2018, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kó lé e lórí: Croatia, Iceland, Argentina. Eré díẹ̀ péré ló tíì gbá ní La Liga. Ní tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá ní 2022, ẹ̀bi rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ náà nìkan.

Ṣé o mọ̀ pé ní Lille, ìṣẹ́jú 1,062 ni Enyeama fi ṣọ́lé nínú líìgì ilẹ̀ Faransé ní 2013 láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan wọlé? Ní October 2015, òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá Sunday Oliseh jà lórí ipò balógun ikọ̀, ó sì kó ẹrù rẹ̀. Eré 101 ló ti gbá fún Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí a ti tọ́ sílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe lọ. Carl Ikeme, tí wọ́n bí ní England, gba ipò náà, ó sì ń ṣe dáadáa, àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ dé ní July 2017. Daniel Akpeyi. Ikechukwu Ezenwa. Uzoho. Maduka Okoye, ọmọ tí wọ́n bí ní Düsseldorf, tí bọ́ọ̀lù Youssef Msakni ti Tunisia wọlé mọ́ lọ́wọ́ nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní January 2022, tí àwọn èèyàn wa fi èébú lé e kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà Stanley Nwabali. Èèyàn mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni a sọ ojú ilé dà: èyí tòkunbọ̀, èyí tibí, tó bá ti dún gbì lẹ́ẹ̀kan, tú u, gbé òmíràn sí i.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú àrùn yìí? Nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, quarterback ni ẹni tí gbogbo eré ń ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1999, Cleveland Browns ti fi èèyàn tó ju 40 bẹ̀rẹ̀ eré ní ipò yẹn. Ẹgbẹ́ náà kò sì kúrò lójú kan. Green Bay Packers ńkọ́? Brett Favre ni láti 1992. Wọ́n mú Aaron Rodgers wọlé ní 2005, ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó lẹ́yìn Favre tó ń wò ó. Wọ́n mú Jordan Love wọlé ní 2020, òun náà jókòó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Rodgers. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

 

Ṣé o mọ̀ pé láti 1992 ni òfin ti sọ pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹnìkejì rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá padà sí i? Láti 2025 sì rèé, tó bá di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lọ, kọ́nà ni fún ọ̀tá. Aṣọ́lé òde òní, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríran jìnnà. Ìyẹn ló mú mi ronú padà sí àwọn ọmọ mọ́ńkì pósítì wa: ìdajì iṣẹ́ náà ti wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọwọ́ ló kù, àti ibi tí wọ́n á ti fò tí wọn kò ní já lulẹ̀ lórí ọ̀dà.

Ṣé o mọ iye akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti yan aṣọ́lé láti December 2021 tí wọ́n lé Gernot Rohr? Austin Eguavoen, José Peseiro, Finidi George, Eguavoen lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó kan Chelle ní January 2025. Wọ́n tilẹ̀ kéde ará Jámánì kan, Bruno Labbadia, ní August 2024. Kò dé.

Bẹ́ẹ̀ Clemens Westerhof dé ní 1989, Algeria lù ú 5-1 nínú eré àkọ́kọ́ Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 1990, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ipò kejì lọ́dún náà. Ipò kẹta ní 1992. Ife ní 1994.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ́ Chippa United ní South Africa ni Nwabali wà nígbà tí Peseiro gbé e síwájú àwọn tó wà ní Yúróòpù? Eré mẹ́rin léraléra ni kò fi jẹ góòlù nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 2023. Nígbà tó fara pa nínú eré Cameroon, Ojo Olorunleke ti Enyimba, ọmọ líìgì ilé, ló wọlé parí rẹ̀. Ní Bouaké, ní February 2024, Nwabali mú pẹnáritì South Africa méjì. Ilẹ̀ tó ń bọ́ ọ ló ṣe bẹ́ẹ̀ lé kúrò.

June 1996 ni wọ́n bí Nwabali. Tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2030 bá dé Morocco, Spain àti Portugal, yóò ti pé ẹni ọdún 34, ọdún kan ju Enyeama lọ lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ tí yóò gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbì kan báyìí. Ta ló ń kọ́ ọ?