Bí Sáà Líìgì Bọ́ọ̀lù Ti Ń Lọ

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ọ̀tà àti Sángo, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà títí wọn yóò fi wọ ọkọ̀. Lágbájá ní ẹgbẹ́ tòun ni yóò gba ife lọ́dún yìí. Tàmẹ̀dò ní irọ́ ni. Ariwo a sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tí ó ṣíwájú, púpọ̀ nínú wọn á dáhùn pé, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni." Ta ni "wọ́n"? Kò sí ẹni tí ó lè sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti parí ìwé kìíní ní kíláàsì àwọn àgbà, ẹ kò sí lábẹ́ "wọ́n ní" mọ́. Ẹ lè ka ọ̀rọ̀, ẹ sì lè ka nọ́ńbà. Nítorí náà a fẹ́ ṣàlàyé fún yín bí líìgì bọ́ọ̀lù ti ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀, àti ìdí tí ó fi yẹ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ ìwé kà.

KÍ NI LÍÌGÌ?

Ìdíje bọ́ọ̀lù pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni ìdíje ife. Nínú ìdíje ife, ẹni tí a bá lù ti ń lọ sílé nìyẹn. Irú rẹ̀ ni ife Gómìnà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1945, tí ẹgbẹ́ Marine kọ́kọ́ gbà. Òṣìṣẹ́ ni àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà. Marine ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Rélùwéè ní tirẹ̀, UAC náà ní tirẹ̀. Wọ́n á ṣiṣẹ́ ọ̀gá láàárọ̀, wọ́n á sì gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́.

Oríṣi kejì ni líìgì. Nínú líìgì, a kì í lé ẹnikẹ́ni lọ sílé nítorí pé wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò pàdé ara wọn, lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Bí wọ́n bá wá sí ọ̀dọ̀ rẹ lónìí, ìwọ náà yóò lọ sí ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ mìíràn. Ní ọdún 1972 ni líìgì gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Mighty Jets ti ìlú Jos ni ó kọ́kọ́ gbà á.

Nínú líìgì ńlá wa ti sáà 2024/25, ẹgbẹ́ 20 ni ó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pàdé ẹgbẹ́ 19 yòókù lẹ́ẹ̀mejì. 19 lọ́nà 2 jẹ́ 38. Ìyẹn ni pé ìgbà 38 ni ẹgbẹ́ kan yóò wọ pápá láàrin sáà kan. Bí a bá ka ti gbogbo wọn pọ̀, ó jẹ́ 380. Ẹ rí i pé kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó di oṣù Karùn-ún ọdún kejì kí wọ́n tó parí. Òjò á rọ̀, ọyẹ́ á mú, ẹ̀ẹ̀rùn á dé, wọ́n á sì tún bá òjò tuntun.

BÍ A TI Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Bí ẹgbẹ́ kan bá borí, yóò gba pọ́íntì 3. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, àwọn méjèèjì á gba pọ́íntì 1 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá lù kò ní nǹkan kan.

Láyé àtijọ́, pọ́íntì 2 ni ẹni tí ó borí ń gbà. Ní ọdún 1981 ni àwọn ará Ìlú Ọba sọ ọ́ di 3. Ní ọdún 1994 ni wọ́n lò ó nínú ìdíje ife àgbáyé. Kí ni ìdí rẹ̀? Nígbà àtijọ́, ẹni tí ó ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹta á ní 3, ẹni tí ó sì borí lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀mejì á ní 2 péré. Àwọn ẹgbẹ́ wá ń sá pamọ́ sẹ́yìn, wọn kò fẹ́ jáde lọ wá gọ́ọ̀lù. Nísinsìnyí, àwọn méjèèjì yóò ní 3. Ó wá sàn kí ènìyàn gbìyànjú láti borí ju kí ó kàn máa ta ọ̀mì lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi àdúgbò tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó wà nínú líìgì kékeré kan: Ọ̀tà, Sángo, Àtàn àti Àgbárá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbá ìgbà 6. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, akọ̀wé lè kọ ọ́ báyìí:

Sángo: borí 3, ọ̀mì 2, pàdánù 1. Pọ́íntì 11.
Ọ̀tà: borí 3, ọ̀mì 1, pàdánù 2. Pọ́íntì 10.
Àtàn: borí 2, ọ̀mì 2, pàdánù 2. Pọ́íntì 8.
Àgbárá: borí 1, ọ̀mì 1, pàdánù 4. Pọ́íntì 4.

Ẹ wò ó dáadáa. Sángo àti Ọ̀tà, ìgbà 3 náà ni wọ́n borí. Ọ̀mì kan ṣoṣo ni Sángo fi ju Ọ̀tà lọ, òun sì ni ó fi gba ife. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ tí a lè fi ṣeré nínú líìgì. Ọ̀mì tí ẹ ta nínú òjò ní oṣù Kẹsàn-án lè jẹ́ òun ni yóò gbà yín là ní oṣù Karùn-ún.

Bí pọ́íntì ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba ńkọ́? A ó ka gọ́ọ̀lù tí wọ́n jù wọlé, a ó yọ èyí tí wọ́n jẹ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣẹ́kù jù ni yóò ṣíwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tí ó ti ń borí pẹ̀lú gọ́ọ̀lù 3 kì í fi í sinmi. Ó ń wá ìkẹrin ni.

ÀWỌN ARÁ ÌKẸ́NNẸ́

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Remo Stars. Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé wọn, ìlú tí wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí. Ọ̀gbẹ́ni Kunle Soname ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ìtàn wọn yẹ fún ẹni tí ó bá ń kọ́ ohun tí ó le.

Ní ọdún 2017 wọ́n wọ líìgì ńlá. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti já bọ́. Wọ́n tún gòkè padà. Ní ọdún 2019 wọ́n tún já. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá ti ta bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní sáà 2021/22, wọ́n ṣe ipò kẹta. Ní 2022/23, wọ́n ṣe ipò kejì, Enyimba ti Àbá ni ó gba ife. Ní 2023/24, ipò kejì náà ni. Rangers ti Enúgu ní pọ́íntì 70, àwọn ní 65. Pọ́íntì 5 ni ó wà láàrin wọn. Bí wọ́n bá ti borí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ìtàn ì bá yí padà.

Ní sáà 2024/25, ó dé. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n lu Niger Tornadoes ní gọ́ọ̀lù 1 sí òdo ní Ìkẹ́nnẹ́. Ayọ̀ ṣubú layọ̀. Àwọn kan ń béèrè pé, "Ṣebí ó ku ìgbà mẹ́ta tí wọn yóò gbá, báwo ni wọ́n ṣe ti gba ife?" Ìṣirò náà kò le. Bí ìgbà 3 bá ṣẹ́kù, pọ́íntì tí ènìyàn tún lè rí kò lè ju 9 lọ. Remo Stars sì ti fi ohun tí ó ju 9 lọ ṣíwájú Rivers United tí ó wà ní ipò kejì. Bí Rivers United tilẹ̀ borí nínú gbogbo rẹ̀, kò lè bá wọn mọ́.

Kóòṣì wọn nígbà náà ni Daniel Ogunmodede. Ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Ògùn kò gba líìgì ńlá náà rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní ọdún 2000, kò sí ẹgbẹ́ kankan láti ilẹ̀ Yorùbá tí ó tún fọwọ́ kàn án. Ọdún 25 ni a fi dúró. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n líìgì ní ẹ̀yìn bí ó ti ní iwájú. Ẹgbẹ́ 4 tí ó bá wà nísàlẹ̀ ni yóò já sí líìgì kejì, 4 mìíràn á sì gòkè wá rọ́pò wọn. Ní sáà kan náà tí Ìkẹ́nnẹ́ ń jó, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ wà lára àwọn tí ó já. Nítorí náà, ní ìparí sáà, ẹ má wo òkè nìkan. Ẹkún ń bẹ nísàlẹ̀.

TA NI Ń SAN OWÓ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ọ̀tà, nítorí ìlú ilé iṣẹ́ ni ìlú wa. Láyé ọjọ́sí, ilé iṣẹ́ ni ó ń bọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù púpọ̀. Olóyè Israel Adebajo tí ń ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé ní Èkó ni ó dá Stationery Stores sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Leventis ní ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn tí ó gba líìgì ní ọdún 1986. Ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká. Ní Abẹ́òkúta, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní Abiola Babes, tí ó gba ife ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1985 àti 1987. Òun náà kò sí mọ́. Ẹgbẹ́ tí àpò kan ṣoṣo ń bọ́, ọjọ́ tí àpò náà bá ti di, eré parí nìyẹn. Iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń gbá a.

Ní ọdún 1990 ni wọ́n sọ líìgì ńlá wa di ti àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí wà. Ní Kánádà, ní agbègbè Ontario, wọ́n bẹ̀rẹ̀ líìgì kan ní ọdún 2014 tí wọ́n pè ní League1 Ontario nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú wọn. Yìnyín ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní pápá gbangba nígbà òtútù, nítorí náà ìgbà tí ooru bá dé ni wọ́n ń ṣe sáà tiwọn. Bọ́ọ̀lù jẹ́ ìdajì iṣẹ́ fún wọn, ìdajì kejì ń bẹ ní ibòmíràn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, yóò rí nǹkan jẹ.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ SÍ ÌWÉ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí ọmọ yín bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, lọ́jọ́ kan ẹnìkan á mú ìwé wá. Á ní kí ẹ tẹ̀ka. Ẹ má tẹ ìka mọ́. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ kí á kà á." Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Bí ó bá jẹ́ èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ wá ẹni tí ẹ fọkàn tán tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wo nǹkan márùn-ún nínú rẹ̀:

1. Orúkọ ẹgbẹ́ náà àti orúkọ ọmọ yín, ṣé wọ́n kọ ọ́ dáadáa?
2. Ọdún mélòó ni yóò fi wà lọ́dọ̀ wọn?
3. Èló ni owó oṣù rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọn yóò sì máa san án?
4. Bí ó bá farapa, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn?
5. Ṣé ẹ̀dà kan yóò wà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà?

Àwọn kan tún wà tí ń pe ara wọn ní ejẹ́ńtì. Wọ́n á ní àwọn á mú ọmọ lọ sí òkè òkun, kí ẹ ta ilẹ̀ kí ẹ mú owó wá. Ẹ fetí sílẹ̀. FIFA, ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo ayé, kò gbà kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè forúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀, àfi nítorí ìdí díẹ̀ kan, bíi pé àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Láti ọdún 2023, ejẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ní láti yege nínú ìdánwò kí wọ́n tó rí i gbà. Orúkọ wọn wà ní àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ní òun yóò mú ọmọ ọdún 15 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ yín, ó yẹ kí ẹ sá fún un.

Ìwé tí ẹ ń kà yìí kò lè sọ ọmọ yín di agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí a rẹ́ ẹ jẹ.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Ẹgbẹ́ kan borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹrin, ó pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Pọ́íntì mélòó ni ó ní?
2. Bí ẹgbẹ́ 6 bá wà nínú líìgì kan, tí wọ́n sì ń pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà mélòó ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbá?
3. Kí ni ó fà á tí Remo Stars fi gba ife nígbà tí ó ku ìgbà mẹ́ta?
4. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ wò nínú ìwé kí a tó fọwọ́ sí i. Ẹ kọ orúkọ ara yín sísàlẹ̀ rẹ̀.